Sikútà oníná tokunbọ̀ l'Abuja: èrò mi lẹ́yìn tí mo ti tú u palẹ̀ nílé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn kan ń bi mí nípa sikútà oníná kékeré, èyí tí èèyàn ń dúró gùn, tí mò ń gùn kiri Gwarinpa yìí, pé ṣé ó dáa, ṣé ó ń pẹ́, ibo ni mò ń gbé e lọ tó bá bàjẹ́. Ó dáa, ó dáa gan-an, àmọ́ kò síbi tí mò ń gbé e lọ, ilé ni mo ti ń tún un ṣe, torí náà ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ kan sípánà rárá, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn pé kó rà á.

Tèmi kì í ṣe ojúlówó, wọ́n wo M365, sikútà oníná ti ilé iṣẹ́ Xiaomi, ṣe é ni. M365 jáde ní 2016, ó sì gbilẹ̀ débi pé oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ló ń ṣe èyí tó jọ ọ́, àǹfààní rẹ̀ fún wa ni pé spare parts rẹ̀ pọ̀ nígboro, táyà 8.5 inch, tíúbù, pádì búréèkì, ṣájà 42V, fẹ́ńdà ẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀ ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Banex ní Wuse 2 ni mo ti rí ṣájà rà. Tí wọ́n bá fẹ́ ta òmíràn tó rẹwà jù ú lọ fún yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ibo lẹ ti máa rí táyà ẹ̀ tó bá bẹ́. Tí wọn ò bá rí èsì fún yín, ẹ fi sílẹ̀.

Torí táyà gan-an ni wàhálà ẹ̀. Ẹ mọ ojú títì wa, bọ́ǹpù rèé, kòtò rèé, ìṣó rèé níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, táyà kékeré báyìí ò sì rí ibi sá sí. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kí n yí i sí táyà líle tí kì í gba afẹ́fẹ́, oníhò-hò bí afárá oyin yẹn. Mo fi sí i lẹ́yìn, mo gùn ún, mo sì yọ ọ́. Lóòótọ́ kì í jò, ṣùgbọ́n irú sikútà yìí ò ní spring kankan, afẹ́fẹ́ inú táyà yẹn ni spring ẹ̀, tí ẹ bá ti yọ ọ́, orúnkún yín ló máa gba gbogbo gbígbọ̀n ojú títì, sukúrù ara ẹ̀ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi táyà afẹ́fẹ́ sílẹ̀, kí ẹ ṣá máa wo géèjì, 45 sí 50 psi ni. Afẹ́fẹ́ tó kéré ló ń pa tíúbù jù, tí táyà bá rọ̀ tí ẹ sì já sí kòtò, etí rím á fún tíúbù mọ́lẹ̀, ẹ máa rí ihò méjì lára ẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìyẹn kì í ṣe ìṣó rárá. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ Màlámù fọkanáísà lẹ ti fẹ́ fa afẹ́fẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ táyà ọkọ̀ ni tiẹ̀, kíá ló máa kún.

Fífi táyà wọ rím ló máa ń jẹ́ kí èèyàn sọ̀rètí nù. Ẹ da omi gbígbóná sínú báàfù, kí ẹ rẹ táyà sínú ẹ̀ títí tó fi máa rọ̀, ẹ fi omi ọṣẹ pa etí ẹ̀, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú tíúbù kó má baà lọ́, kí ẹ wá lo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi tú táyà kẹ̀kẹ́. Ẹ má lo screwdriver o, ẹnu ẹ̀ máa gún tíúbù tuntun kí ẹ tó parí. Ẹsẹ̀ iwájú ni motor wà, wáyà ẹ̀ gba inú àásù (irin tó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá) jáde, ẹ ṣọ́ ọ kó má já.

Ọrùn ẹ̀, ibi tó ti ń ká, ìyẹn lẹ ò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wò rárá. Xiaomi fúnra wọn pe àwọn M365 kan padà ní 2019 torí pé sukúrù kan níbẹ̀ lè tú, tí ọ̀pá náà á sì já nígbà tí èèyàn bá ń gùn ún lọ. Mo tú tèmi, mo fi Loctite aláwọ̀ búlúù (gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí sukúrù tú) sí sukúrù ẹ̀, mo dè é padà, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó jáde nílé. Tí ẹ bá di ọwọ́ ẹ̀ mú tí ẹ tì í síwá sẹ́yìn tó ń ró kọ̀, kọ̀, ẹ má gùn ún lọ́jọ́ náà.

Ó wá ku bátìrì. Sẹ́ẹ̀lì lithium róbótó tí wọ́n ń pè ní 18650 ló wà nínú M365, mẹ́wàá tò tẹ̀lé ara wọn ní ìpele mẹ́ta, 36V, tó bá kún ó máa jẹ́ 42V. Tí ẹ bá ń lọ ra tokunbọ̀, ẹ mú mítà tí wọ́n fi ń wọn iná dání. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ 30V dáadáa, àfàìmọ̀ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ má ti kú, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi wáyà jí i lójú yín kó wá sọ pé ó ti dáa. BMS, pátákó kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì, tó wà lórí ẹ̀ ló ń dá a dúró kó má gbiná, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi wáyà fò ó kọjá, ẹ sá fún un. Èmi ò kì í ṣájì nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oòrùn oṣù kẹta wọlé, mo máa jẹ́ kó tutù ná, mi ò sì kì í ṣájì ẹ̀ tí a bá ti fẹ́ sùn.

Owó iná ẹ̀ ò tó nǹkan. Band A tí wọ́n gbé sí 225 náírà fún kWh kan ní oṣù kẹrin 2024, ká tiẹ̀ fi ìyẹn ṣírò ẹ̀, bátìrì 280Wh láti òdo dé kíkún ò tó 80 náírà. Ẹ ronú ohun tí kẹ̀kẹ́ NAPEP ń gbà báyìí.

Òjò ńkọ́? IP54 tí wọ́n kọ sí M365 lára, ìyẹn àmì bó ṣe lè gba omi tó, omi tó bá ta sí i lára ló lè gbà, kì í ṣe àgbàrá. Mo tú ìdérí abẹ́ tèmi, mo fi silicone yí etí ẹ̀ ká, mo sì fi gíríìsì díẹ̀ sí rọ́bà tó bo ojú ṣájà. Tí òjò Abuja bá ń rọ̀ gidi, ilé ló máa wà.

Ní ti pé kéèyàn yí software ẹ̀ kó lè sáré ju 25 km/h lọ, ọ̀pọ̀ ń ṣe é, èmi ò ní ṣe é. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ojú títì Jámánì pàápàá ò gbọdọ̀ kọjá 20 km/h láti 2019, òfin wọn nìyẹn, tó bá jẹ́ irú ẹ̀ lẹ rà ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Táyà yẹn kéré, búréèkì ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló ní pẹ̀lú ti motor iwájú, agbára iná tí ẹ bá sì fi kún un, kọ́ńtírólà tó ń pín iná fún motor ló máa kọ́kọ́ jó. Inú ẹ́sítéètì àti títì kéékèèké ni kí ẹ ti gùn ún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé e dé Kubwa Expressway.

Ohun tí mi ò tíì rí ni ẹni tó ní ẹ̀rọ spot welding, èyí tí wọ́n fi ń so sẹ́ẹ̀lì bátìrì pọ̀, tó sì mọ̀ ọ́n lò, torí bátìrì tèmi ti ń tètè tán, mi ò sì fẹ́ fi áyọ̀nù sólídà jó sẹ́ẹ̀lì lithium. Tí ẹ bá mọ ẹnì kan ní Kubwa tàbí Lugbe, Kaduna pàápàá kò jìnnà jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ júwe ọ̀dọ̀ ẹ̀ fún mi.