Insta360 X3 nínú yàrà Eredò: ibi tó ti dára, ibi tí kò ti tó

Fóònù kò lè ya Eredò Súngbọ́ dáadáa. Òkìtì àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká yìí tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó 20 mítà. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀, tó ń fi fóònù yí díẹ̀díẹ̀ kó lè kó ìran náà pọ̀, ògiri ti sún mọ́ ọn jù. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ báyìí, gbòǹgbò igi kan á já sí méjì nínú fọ́tò. Ibẹ̀ gan-an ni kámẹ́rà Insta360 X3 ti mọ iṣẹ́.

Lẹ́ǹsì méjì ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ya gbogbo àyíká, tòkè tilẹ̀, ní píksẹ́lì 11,968 sí 5,984. Kò wúwo ju 180 gíráàmù lọ. Ọdún 2022 ló jáde. X4 tó tẹ̀lé e ti dé ní 2024, ṣùgbọ́n 72 mẹ́gápíksẹ́lì náà ni fọ́tò tiẹ̀. Ẹni tí kì í ya fídíò lè ra X3 àlòkù láìbẹ̀rù.

Ohun tó ń ba fọ́tò jẹ́ jù ni ojú ìrán, ìyẹn ibi tí kámẹ́rà ti rán àwòrán méjèèjì pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà ló wà, lọ́tùn-ún àti lósì. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ tí kò jìnnà tó mítà kan lè ya síra wọn, nítorí ojú kan náà kọ́ ni lẹ́ǹsì méjèèjì fi ń wò ó. Nínú yàrà, ẹ kọ lẹ́ǹsì kan sí ògiri kan, kí èkejì kọjú sí ògiri kejì, kí ojú ìrán lè bọ́ sí ọ̀nà tí yàrà gbà lọ, níbi tí kò sí nǹkan nítòsí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe òdì kejì rẹ̀, wọ́n á wá máa bú kámẹ́rà. Ẹ gbé e sí àárín gbùngbùn, kó ga tó mítà kan ààbọ̀. Bí ọ̀pá bá ti dúró ṣánṣán lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pá náà ò ní hàn, àfi àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ewé jíjẹrà ló bo ilẹ̀ yàrà, ẹsẹ̀ ọ̀pá sì máa ń rì sínú rẹ̀ lápá kan. Ẹ gbá ewé náà kúrò títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ líle, kí ẹ sì fi òkúta tẹ ẹsẹ̀ ọ̀pá mọ́lẹ̀. Lẹ́ǹsì rẹ̀ yọ síta níwájú lẹ́yìn bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Bó bá ṣubú, orí ọ̀kan nínú wọn ló máa fi lélẹ̀. Ìbòrí lẹ́ǹsì wà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí oòrùn fọ́n sínú fọ́tò: ẹ fi sí i bí ẹ bá ń rìn, kí ẹ yọ ọ́ bí ẹ bá fẹ́ yà. Bí eruku pupa bá bà lé lẹ́ǹsì, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ dànù kí ẹ tó nù ún. Etí agbádá kọ́ la fi ń nu lẹ́ǹsì o.

Ìmọ́lẹ̀ náà tún jẹ́ wàhálà. Ojú ọ̀run á funfun gbòò láàárín ewé, ìsàlẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Ètò HDR inú rẹ̀, tó wà fún irú ìmọ́lẹ̀ tí kò dọ́gba báyìí, máa ń ya fọ́tò bíi mélòó kan, kó tó pò wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ń mi ewé, ewé kan á di mẹ́ta. Ẹ lọ láàárọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó dé, tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú láìrọ̀jò. Ọyẹ́ kì í dí ìran inú yàrà lọ́wọ́, nítorí kò sí ọ̀nà jíjìn tó máa bò. Àmọ́ ìgbà òjò ni ewédò ara ògiri ń tutù minimini. Ẹ̀yin fúnra yín á hàn nínú fọ́tò, nítorí náà ẹ sá sí ìdí kọ́nà. Iyẹ̀pẹ̀ lè dí Wi-Fi tó so fóònù mọ́ kámẹ́rà lọ́wọ́. Tàímà inú kámẹ́rà ló dájú. Ní ojúbọ Bílíkísù Súngbọ́, ẹni tí Eredò ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ní Òkè-Ẹ̀rí, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé ohunkóhun jáde. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọlé níbẹ̀.

Ní gbangba, ọ̀rọ̀ yí padà. Píksẹ́lì bíi 33 péré ló kan dígírì kan. Ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, bí regbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà) bá ń kọjá ní 20 mítà sí yín, ènìyàn kan ò ní ga ju 160 píksẹ́lì lọ, orí rẹ̀ ò sì ní ju bíi 22. Fìlà nìkan lẹ máa rí, ẹ ò ní mọ ẹni tó dé e. Ẹ fi ọ̀pá gígùn gbé e sókè tó mítà mẹ́ta láàárín regbẹ́rẹ́gbẹ́ náà gan-an, ìyẹn ló máa dùn ún wò.

Ẹni tó fẹ́ tẹ fọ́tò ńlá sára ògiri, bíi iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó fi X3 sílẹ̀. Kámẹ́rà full frame (tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi) 24 mẹ́gápíksẹ́lì tí a gbé dúró lóròó, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 24 mm lórí ẹ̀rọ tó ń yí po, á ya ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ní dígírì 36 síra, á sì fún un ní bíi 25,000 píksẹ́lì yíká. Àmọ́ ìran tí kò mì ló bá a mu.

Ẹ gbé bátìrì méjì dání. Bí ẹ bá padà délé, fáìlì INSP, irú fáìlì Insta360 fúnra rẹ̀, ni kámẹ́rà ń kó pamọ́. Inú áàpù rẹ̀ ni ẹ ti máa sọ ọ́ di JPG. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, WhatsApp á dín in kù, á sì yọ àmì tó fi ń yí, kò ní yí mọ́. Document ni kí ẹ fi í ránṣẹ́ bí.