Bírò Igi Apá àti Bírò Ìdérí Ike tí Mo Rà ní Àkúrẹ́: Èwo Ló Tó Owó Rẹ̀?

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa ní Àkúrẹ́, nítorí náà bírò kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ mi. Ìwé ìfowópamọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìwé ẹ̀yáwó, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ọwọ́ ni mo fi ń kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọmọkùnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà Oǹdó ń fi àjákù igi sọ́mìlì àti ìdérí ìgò ike ṣe bírò, mo lọ ra oríṣi méjèèjì: ti igi apá ní ₦5,000, ti ike ní ₦7,000. Ẹ má pariwo lé mi lórí, ọkọ mi ti pa tiẹ̀ tán.

Ti igi ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun ló wà lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ sọ́mìlì kọjá níbí mọ èéfín tó ń rú níbẹ̀. Pákó dáadáa ni wọ́n ń sun, kìkì pé ó kúrú. Bírò kò sì nílò ju igi tó gùn tó ìka ọwọ́ lọ. Ọmọkùnrin yìí á kọ́kọ́ sá igi náà gbẹ pátápátá, torí igi tútù á sán tí ọyẹ́ bá dé. Yóò lu ihò gba àárín rẹ̀ já, yóò fi gúlù lẹ ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ihò náà, kó tó gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń yí i bí ó ti ń gbẹ́ ẹ. Sáńpépà ló kàn, láti èyí tó le títí dé èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun. Mo ti rò pé fánísì ló ń dán lára rẹ̀, àṣé súpà gúlù ni, ó ń pa á lára ní ìpele ìpele. Òógùn ọwọ́ mi ò tíì mú un ṣí. Ó wúwo díẹ̀, ó sì jókòó dáadáa láàárín ìka.

Mo ní kó bá mi fi masóníà ṣe òmíràn. “Mà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀,” ló fèsì. Eruku igi yẹn máa ń mú èèyàn sín, ó tilẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nímú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fi aṣọ bo imú ṣiṣẹ́. Mi ò bá a jiyàn.

Ti ike ló rẹwà jù. Pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé wọra wọn, kò sì sí méjì tó jọra. Inú gọ́tà tó ń ṣàn lọ sí odò Àlà ni púpọ̀ nínú àwọn ìdérí náà ti wá, ó ń san owó díẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń ṣà wọ́n. Yóò fọ̀ wọ́n, yóò sì wo nọ́ńbà inú ìdérí tó ń sọ irú ike tó jẹ́: 2 lọ́tọ̀, 5 lọ́tọ̀. Ooru bíi 130°C ti tó láti yọ́ àkọ́kọ́, èkejì ń fẹ́ tó 160°C, tí èèyàn bá sì yọ́ wọn pọ̀, wọn kì í di ara wọn mú. Kì í fọwọ́ kan páìpù PVC rárá, torí èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan kọ́. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó tí ọ̀pá idẹ inú rẹ̀ tú. Bí mo bá yí i kí ẹnu rẹ̀ lè yọ síta, ara rẹ̀ á máa yí lófìfo. Irú ike alámì 2 yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì epo, ẹni tó bá sì ti fi gúlù lẹ kẹ́ẹ̀gì tó ń jò rí mọ̀ pé kì í mú. Mo dá a padà. Kò jiyàn, ó fi sáńpépà ha ọ̀pá idẹ náà, ó fi gúlù alápòpọ̀ méjì lẹ̀ ẹ́, kò sì gba kọ́bọ̀. Síbẹ̀, ó ṣì ń mì díẹ̀. Lójú tèmi, kó kúkú gbẹ́ ojú ìdè bíi ti inú nọ́ọ̀tì sínú ike náà fúnra rẹ̀, kó jáwọ́ nínú gúlù. Títí dìgbà náà, ₦7,000 ti pọ̀ jù.

Ní ti ìkọ̀wé, ọgbọọgba ni wọ́n. Láti ìgbà tí László Bíró, oníròyìn ọmọ Họ́ngárì, ti gba ìwé àṣẹ lórí bírò ní 1938, inú bọ́ọ̀lù kékeré tó ń yí lẹ́nu rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe inú igi tàbí ike. Òkè òkun ni bọ́ọ̀lù yìí, ọ̀pá yíǹkì àti àwọn irin rẹ̀ ti ń wá, tuntun ni wọ́n. Nítorí náà, “àtúnlò pátápátá” tó kọ sára páálí rẹ̀ kì í ṣe òótọ́, mo sì sọ fún un. Èrè ibẹ̀ ni pé ọ̀pá yíǹkì inú rẹ̀ jẹ́ ti Parker tó wọ́pọ̀ ní ilé ìtàwé. Tí yíǹkì bá tán, inú nìkan lẹ máa pààrọ̀, ara bírò ò ní lọ sí ààtàn.

Ẹni tó bá wà ní Oǹdó ò nílò láti wá sí Àkúrẹ́, ọmọkùnrin náà máa ń fi í rán awakọ̀ láti gáréèjì. Ẹ ra ti igi. Ẹ má sì rà á fún ọmọ iléèwé o, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti sọ ọ́ nù.