Mo gbé gààrí Ìjẹ̀bú mi lọ sí láàbù yunifásítì

Gààrí ni mo ń ṣe. Ọ̀nà oko Ìjẹ̀bú-Igbó ni ibi iṣẹ́ wa wà, èmi àti obìnrin mẹ́fà. Oníbàárà kan ní Ṣàgámù tó ń kó oúnjẹ ránṣẹ́ sí òkè òkun sọ fún mi pé òun fẹ́ràn gààrí wa, ṣùgbọ́n òun ò ní rà á láìsí ìwé àyẹ̀wò: májèlé inú ẹ̀gẹ́, omi inú gààrí, àti bó ṣe kan tó. Ibo ni mo ti fẹ́ rí ẹ̀rọ tó ń wọn ìyẹn? Yunifásítì ìjọba kan tí mo lè lọ láàárọ̀ kí n sì dé lálẹ́ ní gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì lọ. Bí ẹ bá ní kí n fún wọn ní ìràwọ̀, iṣẹ́ inú láàbù gba márùn-ún nínú márùn-ún. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà dé inú láàbù yẹn gba ẹyọ kan.

Ọ̀nà yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà. Ní géètì, wọ́n bi mí pé ọ̀jọ̀gbọ́n wo ni mo wá rí. Mo ní mi ò mọ ọ̀jọ̀gbọ́n kankan, àyẹ̀wò ni mo wá ṣe, owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ka kan rán mi sí òmíràn, ìyẹn ní kí n lọ kọ lẹ́tà. Kò síbi tí wọ́n kọ iye owó sí. Ẹnìkan pe iye kan, ẹlòmíràn pe ìlọ́po méjì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà mi fi wà lórí tábìlì. Ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé níbẹ̀ ló padà mú mi lọ bá òṣìṣẹ́ láàbù kan. Ó dùn mí gan-an, torí ẹni tí kò ní ọmọ ẹbí níbẹ̀, ilé ni yóò gbà lọ.

Ọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́. Ó wo ọ̀rá tí mo gbé wá, ó ní, "Ẹ má bínú mà, ibo lára àpò lẹ ti bu èyí?" Mo ní òkè ni. Ó ní kí n lọ bù ú lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, láti inú àpò mẹ́ta, kí n pò ó pọ̀, torí òkè àpò nìkan kò lè jẹ́rìí fún gbogbo rẹ̀. Mo padà lọ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó fi bébà tó pọ́n bí ìyeyè sínú ìgò tí gààrí wà, ó ní ó di ọjọ́ kejì. Bó bá ṣe ń pupa bí ilẹ̀ sí i ni májèlé ṣe pọ̀ tó. Ó ṣàlàyé pé linamarin lorúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀gẹ́. Tí a bá ti rin ín, yóò pàdé èròjà mìíràn tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, yóò sì di sáyánáìdì. Sáyánáìdì yìí ń hó ní nǹkan bíi 26°C, nítorí náà ó ń bá ooru agbada lọ. Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi ń kan nínú àpò ló ń fún linamarin láyè láti tú. Ìyá mi àgbà kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yan ẹ̀gẹ́ tí kò tíì kan.

Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ tí àgbáyé ń tẹ̀ lé, ní kí májèlé inú gààrí má kọjá mílígíráàmù 2 nínú kílò kan, kí omi inú rẹ̀ má sì kọjá ìdá 12 nínú 100. Tiwa yege ní ti májèlé. Omi ló kọjá. Láti mọ iye omi náà, inú ààrò tó gbóná dé 105°C ni wọ́n gbé gààrí sí, wọ́n ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi dín mọ́. Òṣìṣẹ́ láàbù yẹn bi mí bóyá a máa ń di gààrí nígbà tó ṣì gbóná. Mo dákẹ́. Ogún ọdún ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀! Ní báyìí, a ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù pátápátá ká tó dì í, àyẹ̀wò kejì sì yege.

Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò. Wọ́n kọ TETFund sí i lára, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lọ́wọ́. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, kò sí owó oògùn kẹ́míkà tó ń lò. Owó-orí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń san lára èrè wọn ni òfin ọdún 2011 fi gbé TETFund ró. Owó ilé iṣẹ́ ló rà á, ilé iṣẹ́ ò sì rí i lò. Bí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ bá ń wọlé sanwó lóṣooṣù, ṣé kò ní tó ra oògùn yẹn?

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀: ẹnìkan ní géètì tó mọ ibi tó yẹ kó darí wa sí, iye owó lára ògiri, àti ọjọ́ pàtó tí èsì máa jáde. Kí wọ́n sì tọrọ àyè kí wọ́n tó fi èsì mi ṣe iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnu ọmọ àbúrò mi ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti fi ṣe é.

Oníbàárà Ṣàgámù ti kó ìpín àkọ́kọ́. Èyí tó kàn ń tutù lórí tapólì báyìí. Ní ọjọ́ Ajé, màá bu òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ.