Visegrád tàbí Esztergom?

Ìlú méjì nítòsí Budapest, olú ìlú Húngárì, ni wọ́n. Bó bá jẹ́ ahoro ààfin lẹ fẹ́ wò, Visegrád ni kí ẹ lọ. Láti Budapest, Nagymaros ni ọkọ̀ ojú irin ń já èrò sí, ní òdìkejì odò Danube. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé yín sọdá. Ìsàlẹ̀ ni ààfin Matthias, ọba Húngárì àtijọ́, wà, pẹ̀lú ìsun omi Hercules, akọni inú ìtàn àròsọ Gíríìkì, tí wọ́n fi mábù pupa gbẹ́. Orí òkè ni odi wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti jí adé ọba Húngárì gbé ní 1440. Òkè náà ga o, orúnkún á gbọ́ ọ!

Esztergom rọrùn dé: ọkọ̀ ojú irin ń lọ tààrà, ẹ sì lè fẹsẹ̀ gba orí afárá wọ orílẹ̀-èdè Slovakia. Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ràgàjì ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn rí ààfin ibẹ̀ rò.