Néon tó ń kùn nílé: ṣé bálásì la máa rà ni àbí ká kúkú gbé LED?

Tí néon pálọ̀ yín, iná gbọọrọ funfun yẹn, bá ti ń kùn hùùùn lálẹ́ débi tẹ́ ẹ ò fi gbọ́ rédíò dáadáa mọ́, ẹ má tíì sáré lọ sọ́jà Wàndó ní Porto-Novo o. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń kùn gan-an, torí àwọn tó ń ta nǹkan iná ò ní bi yín léèrè, ohun tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ni wọ́n máa gbé fún yín.

Ẹ jẹ́ kí néon wà ní títàn, kẹ́ ẹ wá yọ sítátà, ohun roboto kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ réglette (irin gbọọrọ tí wọ́n ki néon bọ̀) yẹn, ẹ yí i díẹ̀ á jáde. Iná ò ní kú, torí tí néon bá ti tàn tán, sítátà ò níṣẹ́ kankan mọ́. Tí ariwo bá dá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, sítátà ló bà jẹ́, owó táṣẹ́rẹ́ ni, ẹ ra òmíì ọ̀rọ̀ bùṣe. Àmọ́ tó bá ṣì ń kùn, bálásì ni, irin wúwo inú réglette tí àwọn ará Kétu tó ń rajà lápá Nàìjíríà ń pè ní ṣóòkì. Iná SBEE, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ilẹ̀ Benin, máa ń lọ síwá-sẹ́yìn nínú wáyà nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò sínú bálásì á wá máa gbọ̀n ní ìlọ́po méjì ìyẹn, ìgbà 100, òun lẹ ń gbọ́ yẹn. Bálásì tuntun náà ń kùn o, kàn pé èyí tó ti gbó tí irin rẹ̀ ti dẹ̀ ló ń di wàhálà.

Plafond contreplaqué (àjà onípákó pẹlẹbẹ) tún máa ń dá kún un, bí awọ ìlù ló ṣe máa ń gbé ohùn jáde, ìgbà míì ó lè jẹ́ vis (ìdè) méjì tó dẹ̀ péré ló ń fa gbogbo ariwo yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dì wọ́n le, ẹ pa iná níbi disjoncteur (ibi tí wọ́n ti ń pa iná gbogbo ilé) kẹ́ ẹ tó ṣí réglette, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ iná lára ògiri nìkan, torí nínú ilé ibòmíì neutre (wáyà tí iná ń gbà padà) ni wọ́n gbà kọjá níbẹ̀, phase (wáyà tó ń gbé iná bọ̀) ṣì wà lókè tó ń dúró de ọwọ́ yín. Àwọn kan máa ń gé rọ́bà chambre à air sábẹ́ bálásì. Èmi ò fara mọ́ ọn, bálásì máa ń gbóná gan-an, àárín réglette àti plafond ni kẹ́ ẹ fi rọ́bà sí tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sí i.

Ó dáa, ká ní bálásì ló bà jẹ́ lóòótọ́. Kí la máa rà?

Bálásì onírin ló rọrùn jù láti rí, ó sì le, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í tètè pa á. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa kùn gan-an lọ́jọ́ kan ṣá, tí iná bá sì rẹlẹ̀ néon á kàn máa ṣẹ́jú ni, kò ní tàn bọ̀rọ̀. Ó tún ń jẹ iná fúnra rẹ̀, néon 36 watt tẹ́ ẹ rò pé ẹ ń lò, ó ń lọ sí bíi 45. Tẹ́ ẹ bá gbé bálásì elẹ́kitiróníìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ẹ̀ rárá torí ó ń ṣiṣẹ́ ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, etí èèyàn ò bá a débẹ̀, kò nílò sítátà, ẹ tẹ iná ó tàn pẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ tó wá fi agbára dé, òun ló máa ń kọ́kọ́ kú, àgàgà èyí tó fúyẹ́ bí ìwé, ó sì lè máa da rédíò AM láàmú. Èyí tó wù kẹ́ ẹ rà, watt ara bálásì àti ti néon gbọ́dọ̀ bára mu.

Èmi o, mi ò ní rà nínú méjèèjì àfi tí néon yín bá ṣì tuntun. Níbi ìpàdé àdéhùn Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, ní Geneva lọ́dún 2023, wọ́n ti fẹnu kò pé tó bá fi máa di òpin ọdún 2027, kí wọ́n má ṣe néon gbọọrọ mọ́, kí wọ́n má sì kó o wọ̀lú mọ́, torí mẹ́kúrì inú ẹ̀. Ẹ ó tún bálásì ṣe tán, ẹ ó wá máa wá néon kiri.

LED wá pín sí méjì. Ẹ lè ra tube LED (ọ̀pá LED tó rí bíi néon) kẹ́ ẹ gbé e sínú réglette àtijọ́, 18 watt ni ti 120 sàǹtímítà sábà máa ń jẹ. Ẹ fi wákàtí márùn-ún lálẹ́ ṣírò ẹ̀: néon máa jẹ nǹkan bíi 82 kilowatt-heure lọ́dún, LED máa jẹ 33, ẹ wo faktúù (ìwé owó iná) yín kẹ́ ẹ wo iye tí ìyẹn jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kéré sí ti néon lórí páálí, àmọ́ ilẹ̀ ló kọjú sí, néon ń tan tiẹ̀ dà sí plafond. Ibi tó ti máa ń dà rú ni pé tí oníṣẹ́ iná bá fi bálásì onírin sílẹ̀ níbẹ̀, ó lè ṣì máa kùn! Kó yọ ọ́ kúrò, kó sì tẹ̀lé àwòrán ara tube náà, torí àwọn kan ń gba iná lápá kan, àwọn míì lápá méjèèjì, tó bá gbé e gbòdì disjoncteur lè já. Kó tún kọ ọ́ sára réglette pé LED nìkan, kí ẹlòmíì má lọ ki néon bọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọ̀la.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn réglette LED odindi jù. Ó wọ́n díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí bálásì, kò sí sítátà, okùn méjì péré (àti ti ilẹ̀ tó bá ní in), oníṣẹ́ iná tó kọ́ṣẹ́ lánàá náà á dì í. Ẹni tó bá ní oníṣẹ́ iná tó dá lójú tí réglette ẹ̀ ò tíì dípẹtà ni kó ra tube.

Tẹ́ ẹ bá dọ́jà, ẹ ti wọn réglette yín wá látilé, 60 àti 120 sàǹtímítà ló pọ̀ níta. Ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín, kó wà ní títàn fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e súnmọ́ etí, LED gbàrọgùdù náà máa ń kùn bí ẹ̀fọn. Ẹ fi fóònù ya fídíò ẹ̀ pẹ̀lú, tí ìlà dúdú bá ń rìn lójú fóònù, ó ń ṣẹ́jú nìyẹn, ẹ dá a padà fún wọn.