Ráútà kan, kọ̀ǹpútà mẹ́rin: ohun tí ojú mi rí kí íntánẹ́ẹ̀tì tó kárí ilé

Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà nílé wa ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn. Tèmi ni mo fi ń jẹun: àwọn oníbàárà á fi ohùn ránṣẹ́, màá gbọ́ ọ, màá sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bàbá Tómi ní tiwọn tí wọ́n fi ń parí iṣẹ́ ọ́fíìsì nílé. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti àwọn ọmọ, àjọlò ni, àjọjà náà sì ni. Ẹ̀kẹrin wà lọ́wọ́ àbúrò mi ọkùnrin nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé. Tẹ́lẹ̀, dátà orí fóònù kan la máa ń pín, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá mú fóònù yẹn jáde ti mú íntánẹ́ẹ̀tì ilé jáde nìyẹn. Lọ́jọ́ kan tí mo wà nínú ìpàdé pẹ̀lú oníbàárà, Bàbá Tómi mú un lọ ra gáàsì. Ẹnu ni mo là sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ mi mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la lọ ra ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kárí ilé.

Ráútà 4G tó ń lo síìmù ni, funfun, ó rí róbótó bí agolo. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé èèyàn 32 lè lò ó pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn wú yín lórí. Èèyàn 32 lè wọlé síbi ìnáwó. Bóyá ìrẹsì á kárí wọn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Abẹ́ tẹlifíṣọ̀n la kọ́kọ́ gbé e sí, nítorí ibẹ̀ ni iná wà. Mo wọn eré rẹ̀ níbẹ̀, kò ju 3 Mbps lọ. Bàbá Tómi ti fẹ́ dá a padà fún ẹni tó tà á. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé tó kọjú sí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó wà lápá ọ̀nà títì, mo tún un wọ̀n, ó di 21. Síìmù kan náà, owó kan náà, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló wà láàárín méjèèjì. Nítorí náà, kí ẹ tó bú ẹnikẹ́ni, ẹ gbé ráútà yín káàkiri ilé ná.

Ìyẹn tán ìṣòro ìta. Tinú ilé ló wá kù, òun ló sì gbà wá lákòókò jù. Búlọ́ọ̀kù oníínṣì mẹ́sàn-án ni wọ́n fi mọ ilé wa. Ráútà náà ń lo ìgbì méjì: 2.4 GHz tó máa ń lọ jìnnà tó sì lè gba ara ògiri kọjá díẹ̀, àmọ́ tí kò yára. Àti 5 GHz tó yára bí àṣá, ṣùgbọ́n tí ògiri méjì ti tó láti rẹ̀ ẹ́. Ní pálọ̀, ayé ń jẹ́ ayé. Nínú yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ohùn tí mo yẹ kí n gbà láàárín ìṣẹ́jú méjì á gba ogún ìṣẹ́jú. Ní ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Àbúrò mi máa ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì wa, ẹ̀fọn á sì máa jẹ ẹ́.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n máa ń kì bọ sókẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní yóò gba Wi-Fi, tí yóò sì tún un sọ síwájú. Lóòótọ́, àmì Wi-Fi kún dẹ́dẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi. Ṣùgbọ́n eré ò sí nídìí rẹ̀. Ẹnu kan náà ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, òun náà ló tún fi ń sọ ọ́, kò lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà nǹkan bí ìdajì eré á ti lọ sójú ọ̀nà. Àmì kíkún yẹn ló tàn mí jẹ fún oṣù méjì.

Àbúrò mi ló sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fa wáyà." Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Ta ló tún ń fa wáyà láyé ìsinsìnyí? A bá lọ sí Queen Cinema, níbi tí wọ́n ti ń ta irú wáyà bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn. Ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ tà á fún wa ní Cat5e ni, ìyẹn irú wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan, owó pọ́ọ́kú ló sì pè é. Àbúrò mi ní kó jẹ́ kí òun fi ọ̀bẹ ha ara okùn kan nínú rẹ̀. Òkè rẹ̀ pọ́n bíi bàbà, àmọ́ nígbà tí ọ̀bẹ wọ inú, funfun ló yọ. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn lásán ni. Ẹni tó ń tà á rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kó òmíràn jáde láti abẹ́ tábìlì láìsọ nǹkan kan. Ìyẹn pọ́n dénú. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, a sì san án.

A jọ jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀ ní Sátidé, a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí wáyà. Okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n lọ́ wọn pọ̀ ní méjì-méjì. Ẹ óò tú wọn, ẹ óò nà wọ́n gbọọrọ, ẹ óò sì tò wọ́n báyìí: funfun olómi ọsàn, olómi ọsàn, funfun aláwọ̀ ewé, búlúù, funfun oníbúlúù, aláwọ̀ ewé, funfun oníbúráwùn, búráwùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé aláwọ̀ ewé ò tẹ̀ lé èkejì rẹ̀, búlúù ló bọ́ sáàárín wọn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ ìdánwò yẹ̀ ẹ́ wò, iná ń tàn láti orí oókan lọ, kò tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀kẹfà ò tiẹ̀ tàn rárá. A gé orí náà dànù, a tún òmíràn tẹ̀. Tómi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló wá ń pe àwọ̀ fún wa bí ẹni ń ké ewì, lẹ́yìn ìyẹn a ò tún ṣìṣe mọ́.

Wáyà kan lọ sí yàrá iṣẹ́ mi. Èkejì gba inú páìpù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mítà 28. Irú wáyà yìí lè lọ dé mítà 100 kí eré rẹ̀ tó bàjẹ́, nítorí náà a ò tíì dé ibi kankan. A fi páìpù bò ó nítorí oòrùn àti eku. Ohun tí páìpù ò lè dènà ni àrá: bí òjò bá ti ń ṣú, àbúrò mi á yọ wáyà náà kúrò lára ráútà, nítorí àrá tó bá sán nítòsí lè gba ara rẹ̀ wọlé jó ohun gbogbo.

Lẹ́yìn ilé, a so wáyà náà mọ́ ráútà àtijọ́ kan kó lè máa fún fóònù ní Wi-Fi níbẹ̀. Mo ki wáyà náà bọ ihò tí wọ́n kọ WAN sí, ìyẹn ihò tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ inú ráútà, íntánẹ́ẹ̀tì sì wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lọ́dọ̀ mi pòórá lójú kọ̀ǹpútà àbúrò mi. Ìdí rẹ̀ ni pé ráútà kejì ti sọ ara rẹ̀ di olórí ilé mìíràn, ó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Báyìí la ṣe tún un ṣe: a pa DHCP inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó fi ń pín àdírẹ́ẹ̀sì, a fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì 192.168.1.2 nítorí pé ti àkọ́kọ́ ni 192.168.1.1, a sì yí wáyà sí ihò LAN, tó wà fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé. Olórí kan ló kù nínú ilé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé padà yọjú, mò ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láti kíṣìnnì bí wọ́n ṣe ń tẹ ìwé láti ẹ̀yìnkùlé.

Dátà ló kàn. 200 GB tí a rà fún oṣù kan tán ní ọjọ́ kọkànlá. Gbogbo ilé wo àbúrò mi. Kò sì mọwọ́mẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn láti ọjọ́ Àìkú, ló ń fa àtúnṣe Windows, tó sì ń kó fọ́tò gbogbo lọ sórí ìkùukùu, ìyẹn ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, lóru. Lórí Windows, a lè sọ fún kọ̀ǹpútà pé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń lò jẹ́ èyí tí wọ́n ń wọ̀n tà, kó rọra. Metered ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo tan ìyẹn lórí mẹ́ta. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ kó máa gba àtúnṣe wálé.  Nǹkan yìí wúlò ju bí mo ṣe lè sọ lọ, kì í sì í ṣe ohun tẹ́nikẹ́ni sọ fún mi níbi tí mo ti ra ráútà.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ràn: bí ẹnì kan bá ń gbé fídíò ńlá sókè, ìpàdé ẹlòmíràn á máa já. Ọ̀nà tó ń lọ sókè kéré gan-an ju èyí tó ń bọ̀ wálẹ̀ lọ, fídíò á sì dí i pa. A fi òté lé kọ̀ǹpútà àbúrò mi nínú ráútà, kò lè lò ju 2 Mbps lọ sókè. Ó bínú fún ọjọ́ mẹ́ta.

Iná ò fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu. 12V, 1A ni wọ́n kọ sára ṣájà ráútà, ìyẹn wáàtì 12, nítorí náà bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà ń gbé e títí wọ́n á fi mú iná dé.

Ní March 14, 2024, íntánẹ́ẹ̀tì lọ pátápátá. Mo pa ráútà, mo tàn án, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tú orí wáyà. Ìgbà tí mo gbọ́ ìròyìn ni mo tó mọ̀ pé àwọn okùn abẹ́ òkun ló já lápá Kódífuà, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì wà nínú òkùnkùn bíi tiwa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn náà, a ṣì ń tẹ̀wé, àwọn ọmọ sì ń wo fíìmù tó wà lórí kọ̀ǹpútà bàbá wọn láti yàrá wọn. Wáyà inú ilé wa ò mọ̀ pé ohunkóhun já.

Ẹnì kan ládùúgbò wa ti gba Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì, ó sì ń bi mí léèrè ìdí tí kò fi dé yàrá ẹ̀yìn rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oníínṣì mẹ́sàn-án ni tiẹ̀ náà. Mo ti yá a ní ẹ̀mú tí a fi ń tẹ orí wáyà. Ẹ̀rọ sókẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá mú un lọ́fẹ̀ẹ́.