Ẹ má dúró síta: ilé àtijọ́ Ogimachi, Shirakawa, ní Jàpáànù

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé abúlé Ogimachi. Lákọ̀ọ́kọ́, wákàtí kan péré ni àwọn tó kó wa lọ fún wa. Fọ́tò ni mo ṣì ń yà tí wọ́n fi ń pè wá padà sínú ọkọ̀. Ó dùn mí wọra. Lẹ́ẹ̀kejì, mo dá wọ bọ́ọ̀sì láti ìlú Takayama, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lọ, mo sì sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Òrùlé ló máa kọ́kọ́ gba ojú yín. Koríko ni wọ́n fi bò ó, ó ga, ó sì dà gẹ̀rẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí èèyàn pa pọ̀ fi gbàdúrà. Ohun tí gasshō, orúkọ irú ilé yìí, túmọ̀ sí nìyẹn. Yìnyín ibẹ̀ pọ̀ gan-an, òrùlé tó bá tẹ́jú kò ní gbà á.

Ṣùgbọ́n inú lọ̀rọ̀ wà. Mo sanwó wọ ilé Wada, èyí tó tóbi jù nínú wọn. Àtẹ̀gùn rẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹ rọra gùn ún. Òkè àjà ni wọ́n ti ń sin kòkòrò tó ń pọ òwú sílíìkì láyé ọjọ́un. Mo gbójú sókè, mi ò rí ìṣó kan lára igi òrùlé. Okùn àti ẹ̀ka igi tútù tí wọ́n lọ́ ni wọ́n fi dì í. Mo sún mọ́ kókó okùn kan: èéfín iná ìsàlẹ̀ ti sọ ọ́ di dúdú kirikiri, ó ń dán bí ẹni fi epo pa á. Èéfín yẹn náà ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ koríko orí ilé. Ẹsẹ̀ àwọn igi ńlá tó gbé òrùlé ró sì ṣóńṣó bí ẹnu pẹ́ńsùlù. Inú ihò ni wọ́n ti ẹsẹ̀ yìí bọ̀, kí ìjì lè mì í láì dá a. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́.

Tí koríko bá ti lo ọdún 30 sí 40, wọ́n á pa á dà. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ fún un, yui lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, èèyàn tó lé ní 100 lè wà lórí òrùlé kan. Lọ́dún 1971, àwọn ará ibẹ̀ fẹnu kò pé àwọn kò ní ta ilé, àwọn kò ní fi háyà, àwọn kò sì ní wó o. UNESCO ka abúlé náà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 1995. Lójú tèmi, ìpinnu 1971 yẹn ló tóbi jù.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni èrò ọ̀sán. Àwọn àlejò kan ń wọ àgbàlá onílé láìkágò, bẹ́ẹ̀ èèyàn ṣì ń gbé inú ilé wọ̀nyí. Ògiri yàrá tí mo sùn náà fúyẹ́, mo ń gbọ́ ikọ́ ẹni tó wà níyàrá kejì. Àmọ́ nígbà tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn lọ, omi ojú gọ́tà nìkan ló kù tó ń dún. Nítorí èyí nìkan, ẹ sùn síbẹ̀.

Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn dání. Ẹnu ọ̀nà lẹ ó ti bọ́ bàtà, pákó ilẹ̀ sì tutù bí omi àmù.